Ọ̀sẹ̀ Tí Àjàmú Kò Gbọdọ̀ Sọ Pé "A Dúpẹ́"

Ọwọ́ òsì ni Àjàmú bá wáyé. Nígbà tó wà ní kékeré ní Ìsẹ́yìn, bí wọ́n bá nawọ́ àkàrà sí i, òsì ló máa kọ́kọ́ jáde. Bó bá fẹ́ sọ òkò sí máńgòrò, òsì náà ni, òkò ọ̀hún kì í sì í tàsé. Ìyá bàbá rẹ̀ tó tọ́ ọ dàgbà kò gba ìyẹn rárá. Màmá yìí a máa sọ pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, pé ọmọ tí kò lè fi ọ̀tún gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà kò tíì di ọmọ èèyàn. Ó mú òjá tó fi ń pọnmọ, ó di apá òsì Àjàmú mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní kó máa lọ ṣeré. Bí ilẹ̀ bá mọ́, á dì í. Bí ilẹ̀ bá ṣú, á tú u. Àjàmú sunkún, ó ṣubú, ó bínú sí oúnjẹ. Ṣùgbọ́n kí òjò ọdún kejì tó dé, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti mọ ọ̀nà ẹnu. Màmá tú òjá rẹ̀, ó fi pọn ọmọ mìíràn.

Nǹkan tí a bá fi ẹkún kọ́, a kì í gbàgbé rẹ̀. Àjàmú wá mọ ọ̀tún lò ju àwọn tí wọ́n bí i mọ́ lọ. Ìkíni rẹ̀ nìkan tó èèyàn í wò. Kò sí àgbàlagbà kan ní àdúgbò tó ń gbé ní Èkó nígbà tó dàgbà, lẹ́yìn Bọ́ládé, l'Óṣòdì, tí kì í fi ṣàpẹẹrẹ fún ọmọ tirẹ̀. Ẹlòmíràn á kàn tẹ orí ba díẹ̀ bí ẹni tí àgbọ́n fẹ́ ta. Àjàmú á dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà á kan ilẹ̀, ì báà jẹ́ ẹrẹ̀. Bí o bá sì bi í pé ṣé àlàáfíà ni, ì báà jẹ́ pé ibà ń gbọ̀n ọ́n lọ́wọ́, ìdáhùn rẹ̀ kò yí padà rí: "A dúpẹ́. Ara le. Alihamudulilai."

Iṣẹ́ aṣọ ló ń ṣe. Àwọn bàbá rẹ̀ fi ọwọ́ hun òfì. Òun wá sí Èkó, ó wọ ilé-iṣẹ́ aláṣọ kan ní Ìsọlọ̀, níbi tí irin ti ń hun aṣọ fúnra rẹ̀, tí ariwo kì í jẹ́ kí o gbọ́ ohun tí ẹnìkejì ń sọ àfi kí o máa wo ẹnu rẹ̀. Àsìkò tí owó epo ń ṣàn bí odò ni. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti gba àfikún owó oṣù tí wọ́n ń pè ní Údójì, tẹlifíṣọ̀n ń wọ yàrá tí bẹ́ẹ̀dì kò tíì wọ̀, aṣọ sì ń tà bí ẹni pé ìhòòhò ni gbogbo ayé wà tẹ́lẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ Ìsọlọ̀ kò gbọdọ̀ sinmi. Ó wá di ọjọ́ kan tí òwú lọ́ mọ́ra nínú ẹ̀rọ. Àjàmú na ọ̀tún wọlé láti tú u. Ẹni tó yẹ kó pa iná ẹ̀rọ rò pé ẹlòmíràn ti pa á. Eyín irin gbá ọwọ́ náà mú.

Ní ọsibítù, wọ́n to eegun ọrùn ọwọ́, wọ́n rán ẹran, wọ́n wá fi ẹfun líle bo gbogbo rẹ̀ dé ìgúnpá. Ìgbà yẹn náà ni àwọn ọkọ̀ ojú omi tó kó sìmẹ́ǹtì wá láti òkè òkun tò lọ súà sí Àpápá, tí wọn kò ríbi já ẹrù sí. Àwọn ọ̀rẹ́ Àjàmú wá kí i, wọ́n wo ọwọ́ funfun báláú, wọ́n ní: "Ẹ wò ó, ọkọ̀ kan ti já ti ẹ̀ sílẹ̀!" Àjàmú rẹ́rìn-ín jù wọ́n lọ.

Nígbà tí wọ́n gé ẹfun náà kúrò, ọwọ́ dára lójú. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Àpá ti jiná, ó ń dán; ìka pé. Ṣùgbọ́n àtàǹpàkò àti ìka méjì tó tẹ̀ lé e ti kú, o lè fi abẹ́rẹ́ gún wọn kó má mọ̀. Bó bá di ife mú, ife á já bọ́. Bó bá fi ọwọ́ náà tẹlẹ̀, ìrora á gùn ún dé èjìká. Kò lè di ẹ̀ṣẹ́, kò lè mọ òkèlè. Fàósátù ìyàwó rẹ̀, ìyá Ìsíátù ọmọ wọn, mọ̀ pé iyán ni ọkọ òun mọ̀ sí oúnjẹ, ṣùgbọ́n ìrẹsì àti ẹ̀wà ló ń sè lójoojúmọ́, torí pé ṣíbí ṣeé fi òsì mú. Àjàmú ní kí òun tó fi ọwọ́ òsì bu òkèlè, òun á kúkú gbààwẹ̀ títí ọdún á fi yí po.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Sọ́ńdè kan, Olúbọ̀wálé, fóòmáànù rẹ̀, wá sílé wọn. Ènìyàn dáadáa ni, ṣùgbọ́n ó jókòó sí etí àga bí ẹni tí àga ń jó.

"Àjàmú, dókítà ilé-iṣẹ́ wa tí o lọ rí lọ́jọ́sí ti kọ̀wé. Ó ní ọwọ́ rẹ ti san."

"Èwo ló san?" Fàósátù ló bá a dáhùn.

"Ohun tó kọ nìyẹn, ìyàwó wa. Wọ́n ní kó padà sídìí ẹ̀rọ lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó ń bọ̀ lọ́hùn-ún. Ohun kan ló kù. Àwọn inṣọ́ránsì tó yẹ kó san owó ọwọ́ náà ní kí dókítà tiwọn náà wò ó, ní Àjàó Estate, lọ́jọ́ Tọ́sìdeè. Bí ìyẹn bá rí i pé kò san, wọ́n á sanwó, ilé-iṣẹ́ á sì wá iṣẹ́ mìíràn fún un. Bí òun náà bá ní ó ti san, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Nínú kó padà sídìí ẹ̀rọ àti kó máa lọ sílé lọ́wọ́ òfo, yóò mú ọ̀kan."

Gbogbo wọn ló mọ ohun tí ìdí ẹ̀rọ túmọ̀ sí. Ọwọ́ tí kò gbọ́ pé abẹ́rẹ́ ń gún òun, ṣé yóò mọ ìgbà tí irin bá tún mú un?

Nígbà tí Olúbọ̀wálé lọ, obìnrin yàrá kejì ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Felicia lorúkọ rẹ̀, Ìyá Ọmọ́lẹ́wà ni gbogbo ilé ń pè é. Ọmọ Èkìtì ni, opó ni, ó ń nu ilẹ̀ ní wọ́ọ̀dù ọsibítù kan, ó sì ju Àjàmú lọ lọ́jọ́ orí. Ògiri yàrá wọn kò nípọn. Kò díbọ́n pé òun kò gbọ́.

"Bàbá Ìsíátù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ kí n gbọ́. Dókítà bi yín pé báwo ni ọwọ́. Kí lẹ wí?"

"Mo ní a dúpẹ́."

"Ẹ dúpẹ́."

"Kí ni kí n wí, ìyá? Àgbàlagbà béèrè àlàáfíà mi, ṣé kí n wá máa fi ẹnu ara mi gbé ara mi ṣépè ni?"

"Ó tún bi yín pé ṣé ó ń dùn yín."

"Mo ní Ọlọ́run ń ṣiṣẹ́."

Fàósátù fi ọwọ́ bo ẹnu. Felicia kò tíì bi í tán.

"Ó fún yín ní ìwé kí ẹ mú un lọ. Ọwọ́ wo lẹ fi gbà á?"

Àjàmú wò ó bí ẹni tó bi í pé ṣé ó wọ ṣòkòtò jáde lọ́jọ́ náà. "Ọ̀tún ni! Mo fi òsì gbè é lábẹ́. Ṣé òsì ni kí n nà sí dókítà?"

"Kò dùn yín?"

"Ó dùn mí wọ ọpọlọ. Mo ń rẹ́rìn-ín músẹ́."

"Ẹ sì dọ̀bálẹ̀ nígbà tí ẹ ń lọ."

"Gbalaja."

Felicia pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. "Ó parí. Ẹ má bú dókítà, ẹ̀yin lẹ wo ara yín sàn. Aláìsàn wá, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń dúpẹ́, ó ń fi ọwọ́ tó ṣẹ́ tẹlẹ̀ bí eléré ìjàkadì. Kí lẹ fẹ́ kó kọ?"

Ó fẹ́ rìn kúrò níbẹ̀, ó tún yíjú padà. Ohùn rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀. "Ọkọ mi, tíṣà, inú ló ń run ún. Ọsibítù tí mo ti ń ṣiṣẹ́ náà ni mo gbé e lọ. Dókítà ní, 'Tíṣà, báwo lara?' Ó ní, 'A dúpẹ́ sà, ó ti fúyẹ́.' Mo dúró ti búkẹ́ẹ̀tì mi níbẹ̀, mo gbọ́ ọ, mo sì mọ̀ pé kò sùn lóru mọ́jú. Mo ní ọkùnrin ń sọ̀rọ̀, kí n má já lu ọ̀rọ̀ wọn. Dókítà ní kó máa lọ sílé, kó padà wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Mọ́ńdè kò bá a láyé." Ó tún ìró rẹ̀ ró. "Èmi mọ ohun tí 'a dúpẹ́' lè ṣe nínú yàrá dókítà. Ẹnì kan ló mú lọ lọ́wọ́ mi. Kò ní mú ẹni kejì nílé tí mo bá wà."

Fàósátù fa àga sún mọ́ ọn.

Àjàmú ló fọhùn. "Ìyá, ẹ má bínú sí mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń sọ káàkiri pé ara mi kò le, ṣé n kò ní di aláìmoore lójú Ọlọ́run?"

"Ṣé Ọlọ́run ló ń kọ̀wé fún inṣọ́ránsì ni? Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lórí ẹní ìkírun yín. Ẹ sọ tara fún dókítà."

"Ṣé kí n máa ké ni? Kí n máa yí gbirigbiri?"

"Rárá o! Ẹni tó bá ń purọ́ ìrora, ẹ̀ẹ̀kan ni dókítà máa wò ó. Mo ti rí wọn. Èyí tó bá ń dùn yín, ẹ ní ó ń dùn yín. Èyí tí kò bá dùn, ẹ ní kò dùn. Ẹ má fi kún un, ẹ má yọ níbẹ̀."

Àjàmú wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lórí itan. Ló bá bú sẹ́rìn-ín. "Kò burú. Ọ̀tún tí kì í ṣe tèmi, mo kọ́ ọ títí ó fi di tèmi. Òsì tí wọ́n bí mọ́ mi ni yóò wá ṣòro?"

Bí ẹ̀kọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Fàósátù ló dá òfin. Ẹni yòówù kó kí Àjàmú, Àjàmú kò gbọdọ̀ fi "a dúpẹ́" dáhùn. Kó sọ bí ọwọ́ ṣe rí. Ohun tí wọ́n bá nà sí i, òsì ni kó fi gbà á, kó tọrọ àforíjì, kó sọ ìdí. Bó bá ṣìṣe, ẹran kan á kúrò lórí ìrẹsì rẹ̀. "Ẹran ni ìtanràn," ni Fàósátù wí, ojú rẹ̀ le bí ti adájọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ kìíní, ìrẹsì lásán ni Àjàmú jẹ. Ní ọjọ́ kejì, eegun kan ṣẹ́kù.

"Ìyá Ìsíátù, o ti ń sanra lọ́sẹ̀ yìí o."

"Ẹnu rẹ ló ń bọ́ mi. Nígbà tí ìjọba ní kí mọ́tò kúrò lápá òsì bọ́ sí ọ̀tún, ṣebí ọjọ́ kan ni gbogbo Èkó fi bọ́ síbẹ̀? Ìwọ kan ṣoṣo tó fẹ́ ti ọ̀tún bọ́ sí òsì, o fẹ́ kó gbà ọ́ lọ́dún!"

Àṣìṣe kò jẹ́ kí ilé náà rọgbọ. Bàbá onílé jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárọ̀, ó ní, "Àjàmú, ṣé dáadáa la jí?" Àjàmú rántí ẹran, ó gbé ẹnu sókè: "Àtàǹpàkò ti kú sà, ìka méjì sì tẹ̀ lé e." Bàbá fò dìde. "Ikú kẹ̀? Ta ló kú? Níbo?" Wọ́n ní láti fún un lómi mu kó tó yé e. Láti ọjọ́ náà, bí Bàbá onílé bá ti rí i lókèèrè, á ní: "Má sọ fún mi o. Mo ti gbọ́."

Obìnrin oníbúrẹ́dì tó ń jókòó sí Bọ́ládé ló le jù. Àjàmú na òsì láti gba ṣéńjì, obìnrin náà fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn.

"Òsì? Láàárọ̀ kùtù? Ẹni tó bí ọ kò kọ́ ọ ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn bá Àjàmú níbi tó dùn ún. Òun, ọmọ tí wọ́n fi òjá dì! Ọ̀tún rẹ̀ ti ń gbéra nílẹ̀. Ó dá a dúró. "Wọ́n kọ́ mi, ìyá. Wọ́n kọ́ mi kọjá ààlà. Irin ilé-iṣẹ́ ló jẹ ọ̀tún mi, kò lè di nǹkan mú mọ́. Ẹ foríjì mí, ẹ bá mi fi sí òsì." Obìnrin náà wo ọwọ́ náà, ó wo ojú rẹ̀. Ó ka ṣéńjì sí i lọ́wọ́ òsì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì fi búrẹ́dì kékeré kan lé e. Nígbà tí Àjàmú ròyìn rẹ̀ nílé, Felicia ní: "Ẹ rí i? Òótọ́ kì í pa ni. Ó tilẹ̀ ní èènì."

Ìdọ̀bálẹ̀ ló kù tí kò bọ́ lára rẹ̀. Felicia ní kó tẹrí ba, ó tó. Ó gbà. Ṣùgbọ́n bí àgbàlagbà bá ti yọ lójú ọ̀nà, ara rẹ̀ a ti wà nílẹ̀ kí ọkàn rẹ̀ tó mọ̀, ìrora á wá jí i.

Ní ọ̀sán Wẹ́sìdeè, ó ku òun nìkan lẹ́yìn ilé. Igi fúrúùtù kan wà níbẹ̀, èso pupa kan sì ń rọ̀ lókè téńté. Kò mọ ohun tó sún un tó fi bẹ̀rẹ̀, tó mú òkúta pẹ́lẹ́bẹ́ kan. Ó fi òsì sọ ọ́. Kò sọ òkò láti ìgbà tí Màmá ti so òjá mọ́ ọn. Òkúta lọ, ó fọn bí ẹyẹ, èso já lulẹ̀ níwájú rẹ̀. Àjàmú dúró, ó ń wo ọwọ́ òsì rẹ̀ bí ẹni tó pàdé ọ̀rẹ́ àtijọ́ lójú títì. Dídì ni Màmá dì í. Kò sin ín. Ó jẹ fúrúùtù náà tán níbẹ̀, ó sì mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé ohunkóhun tí dókítà inṣọ́ránsì bá wí lọ́la, òun kò ní bẹ̀rù rẹ̀.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, òun àti Fàósátù wọ mọ́tò dé Apakun, wọ́n sì fẹsẹ̀ rìn wọ Àjàó Estate. Ilé tuntun ló kún ibẹ̀, òórùn ọ̀dà ṣì wà lára wọn, bàálù sì ń kọjá lórí òrùlé bí ẹni pé ó fẹ́ mú aṣọ tí wọ́n sá lọ. Felicia kò lè bá wọn lọ, iṣẹ́ ń dúró dè é, ọ̀rọ̀ kan ló sọ fún wọn lẹ́nu ọ̀nà: "Ẹ má fi kún un. Ẹ má yọ níbẹ̀."

Ilésanmí ni wọ́n ń pe dókítà náà. Àjàmú ti fi ọkàn sí ọ̀dọ́kùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìlú Ọba dé; bàbá arúgbó ló bá, irun rẹ̀ funfun bí òwú, ó ti dàgbà tó bàbá tó bí i. Eékún Àjàmú tẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó ti ń lọ sílẹ̀. Fàósátù húkọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ó dúró láàárín méjì, ó tẹ orí ba, ó sì wà bẹ́ẹ̀ pẹ́ kí ọ̀wọ̀ náà lè tó.

"Ẹ káàárọ̀ sà."

"Káàárọ̀. Jókòó. Ṣé dáadáa ni?"

"A dú—" Àjàmú pa ẹnu dé bí ẹni tó jẹ òkúta nínú ẹ̀wà. "Èmi wà dáadáa sà. Ọwọ́ mi ni kò sí dáadáa."

Dókítà gbójú sókè díẹ̀. Ó mú bírò kan, ó nà án sí i. "Gbà, kọ orúkọ rẹ síbí."

Òsì jáde. "Ẹ má bínú sà, òsì ni mo fi gbà á. Ọ̀tún kò lè dì í mú."

Dókítà kò fi bírò náà sílẹ̀. Àwọn méjèèjì jọ dì í mú, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún.

"Ta ló kọ́ ọ?"

"Sà?"

"Mo ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Yorùbá kì í na òsì sí mi, ì báà jẹ́ pé ọ̀tún rẹ̀ ń jábọ́ lọ, àyàfi ẹni tí wọ́n bá kọ́. Àwọn kan wà nígboro tó jẹ́ iṣẹ́ wọn nìyẹn, wọ́n ń kọ́ ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá bí yóò ṣe gba owó inṣọ́ránsì. Mo ní, ta ló kọ́ ọ?"

Wọn kò fi èyí kọ́ra nílé. Felicia kò rò ó, òfin ẹran kò débẹ̀. Fàósátù di etí ìborùn rẹ̀ mú. Bí Àjàmú bá ní kò sí ẹni tó kọ́ òun, irọ́ ni. Bó bá ní wọ́n kọ́ òun, àfàìmọ̀ kí dókítà má lé wọn jáde. Àjàmú rántí òkúta tó fọn bí ẹyẹ. Ó tú ọwọ́ lára bírò.

"Wọ́n kọ́ mi sà. Obìnrin kan nílé wa ló kọ́ mi, láti Sọ́ńdè títí di àná, mo sì fi ẹran mi ṣòfò níbẹ̀. Dókítà ilé-iṣẹ́ bi mí lọ́jọ́sí pé báwo ni ọwọ́, mo ní a dúpẹ́. Ó ń dùn mí, mo ń rẹ́rìn-ín. Mo fi ọ̀tún gba ìwé, mo dọ̀bálẹ̀ fún un, ojú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú lẹ́nu ọ̀nà. Irọ́ ni mo pa fún un sà, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ pé irọ́ ni, mo pè é ní ẹ̀kọ́ ilé. Ìyẹn ni wọ́n fi òjá kọ́ mi ní kékeré. Lọ́sẹ̀ yìí, òótọ́ ni wọ́n kọ́ mi. Bí ẹ kò bá gba ẹnu mi gbọ́, ẹ má bi ẹnu. Ẹ bi ọwọ́."

Bàálù kan kọjá lókè, gbogbo fèrèsé ń gbọ̀n. Dókítà dúró kó lọ tán.

"Di ojú rẹ," ni ó wí.

Àjàmú di ojú. Dókítà gba ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Ó pẹ́ díẹ̀.

"Bí mo bá fi abẹ́rẹ́ kàn ọ́, wí fún mi."

"Ó dáa sà."

Ó tún pẹ́. Fàósátù mí kanlẹ̀.

"Ẹ kò tíì kàn mí sà," ni Àjàmú wí.

Nígbà tó la ojú, ẹ̀jẹ̀ kóńkó ti yọ lórí àtàǹpàkò rẹ̀, òmíràn sì wà lórí ìka tó tẹ̀ lé e. Dókítà fi òwú nù ún. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹran ìdí àtàǹpàkò òsì yọ bí àkàrà, ti ọ̀tún ti jìn wọnú. Ó ní kó fi ọ̀tún di ọwọ́ òun mú, kó fún un dáadáa. Àjàmú fún un títí òógùn fi bò ó. Ó dà bí ìgbà tí ọmọ ọwọ́ di ìka ìyá rẹ̀ mú.

"Dìde. Dọ̀bálẹ̀ fún mi bí o ṣe dọ̀bálẹ̀ fún dókítà yẹn."

Inú Àjàmú dùn sí èyí ju ohun gbogbo lọ, torí pé ojú ń tì í láti ìgbà tó ti wọlé. Ó lọ sílẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì kan ilẹ̀, ọrùn ọwọ́ ọ̀tún sì yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ gbá sìmẹ́ǹtì. Lọ́jọ́sí, ibi yìí ni ì bá ti rẹ́rìn-ín. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ké "Yéè, ìyá mi!", ó sì ń wo dókítà lójú bó ṣe ń ké e.

Dókítà Ilésanmí ló gbé e dìde fúnra rẹ̀. Ó padà sídìí tábìlì, ó ń kọ̀wé, kò sì gbójú sókè nígbà tó ń sọ̀rọ̀. "Ọwọ́ yìí kò gbọdọ̀ dé ìdí ẹ̀rọ mọ́. Kò ní padà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, n kò ní tàn ọ́. Ohun tí mo ń kọ sí wọn nìyí, wọn yóò sì san ohun tó tọ́ sí i." Fìlà Àjàmú ti bọ́ sílẹ̀ nígbà tó ṣubú. Arúgbó náà bẹ̀rẹ̀, ó mú un, ó gbọn eruku rẹ̀ nù, ó sì nà án sí i, kì í ṣe sí apá ọ̀tún, sí apá òsì.

Lẹ́yìn náà ni inṣọ́ránsì sanwó, tí ilé-iṣẹ́ sì gbé Àjàmú lọ sí yàrá tí wọ́n ti ń yẹ aṣọ wò, níbi tó ti ń fi òsì tú aṣọ, tó ń fi ojú ọmọ Ìsẹ́yìn wá ibi tí òwú ti já. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ìyẹn ṣì ń bọ̀ lọ́nà. Felicia ti tibi iṣẹ́ dé, ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò bọ́ bàtà. Ó dìde nígbà tó rí wọn.

"Báwo ni?"

"A dúpẹ́," ni Àjàmú wí.

Ojú Felicia yí padà. "Bàbá Ìsíátù!"

"Ó tì o, ìyá. Ti òótọ́ ni. Ó rí i. Ó rí gbogbo rẹ̀. A dúpẹ́!"

Felicia jókòó padà. Ó rẹ́rìn-ín, ó fi etí ìró nu ojú, ó tún rẹ́rìn-ín, ó ní: "Tíṣà, o gbọ́?" Bàbá onílé ní tirẹ̀ yọ orí lójú fèrèsé: "Ìka náà tún ti jí ni?"

Fàósátù kò bá wọn jókòó. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń gbọ́ ìró odó lẹ́yìn ilé, ìró tí wọn kò tíì gbọ́ nínú yàrá wọn láti ọjọ́ tí irin ti jẹ ọwọ́ Àjàmú. Ó gbé iyán wá, ó ń rú èéfín, ẹ̀fọ́ rírò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì kó gbogbo ẹran tó jẹ́ ìtanràn padà sórí rẹ̀, tàbí àwọn àbúrò èyí tó ti jẹ tán. Kò fi ṣíbí sí i. Ó gbé omi ìṣanwọ́ síwájú ọkọ rẹ̀, ó wo ibòmíràn.

Àjàmú wo omi náà. Ó ti òsì bọ̀ ọ́, ó fọ̀ ọ́ létí ìka létí ìka, bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun. "Màmá, ẹ foríjì mí," ni ó wí jẹ́jẹ́. "Ọ̀tún ti ṣe tirẹ̀."

Ó bu òkèlè, ó tì í bọ ọbẹ̀, ó gbé e. Kò tàsé ẹnu.